Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Jẹjẹrẹ Fi Àpá Sí Lára

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Òṣogbo,

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ adìrẹ lọ́dọ̀ mi ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, oògùn re irun orí rẹ̀ tán, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá. Ó wá fi ìyẹ́ adìyẹ ta ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun, ó ya àpá àyà rẹ̀ síbẹ̀, ó rẹ ẹ́ láró, ó sá a. Ẹnì kan ń kọjá lọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ká aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, kò sì lọ síbi àyẹ̀wò tí dókítà dá fún un mọ́.

Àyẹ̀wò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Jẹjẹrẹ lè padà wá láìdun èèyàn rárá. Ẹni tó bá ń fi àpá pamọ́ fún aládùúgbò, kì í pẹ́ tó fi ń fi í pamọ́ fún dókítà náà.

Nígbà èwe mi, owó là ń san fún olóòlà kó tó fabẹ kan ojú ọmọ. Àwọn ìyá wa fín ara, wọ́n sì ń fi ṣoge. Mo fojú ara mi rí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria. Kò pẹ́ tó dé Nàìjíríà ní 1950 tí ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn àìsàn yẹn ló fara jin òrìṣà, ó ń mọ ère sí igbó Ọ̀ṣun, ó ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ ńláńlá, títí tó fi kú ní 2009. Ta ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣàìsàn rí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àfiṣe ni jẹjẹrẹ, pé ẹni tó bá bá àwọn tó ní in jẹun yóò kó o, ẹ panu mọ́! Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ó sú mi.

Ibi tí ẹ̀kọ bá bọ́ sí lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni ọnà sì ń wà. Bí mo ṣe ń wo àpá yín nìyẹn. Mi ò ní kí ẹ ṣíṣọ lójú ọjà o. Ẹni tó bá wù nìkan ni kó ya àpá rẹ̀ sáṣọ. Tí wọ́n bá ti yọ kókó abíyá yín, apá yẹn lè wú: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó kan aró, sódà inú aró ń bó ara. Àwòrán yíyà kò sì rọ́pò ilé ìwòsàn, ẹ gbọ́ mi?

Ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹni bá a lọ, kó wá kàn mí nílé láàárọ̀. Màá ró aṣọ mi, a ó jọ lọ.