Bá Ọkọ̀ Náà Nígbà Tó Bá Tutù

Àkànní ọmọ mi,

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lánàá. O ní o ti rí ọkọ̀ àlòkù kan tó wù ọ́, pé ara rẹ̀ ń dán, pé inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, pé ẹni tó ń tà á sì ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó lọ́la. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí onítọ̀hún kò bá lè fún ọ láyè kí o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, jẹ́ kó tà á fún ẹni ọ̀la. Ọkọ̀ kò lè tán láyé.

O ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí mo ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fowó ara mi rà. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni ín ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jáde dé ni. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, n kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Mo wà á síwá sẹ́yìn, mo sanwó, mo gbé e wálé. Nígbà tí mo ṣíná sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn awẹ́ tí wọ́n fi dí i kí omi má baà jò wọ inú rẹ̀, ti jó. Ní gbogbo òru ni omi rédíétọ̀ ń jò wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, irú àléébù yẹn lè fara pamọ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Owó tí mo fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi rà á.

Nítorí náà, sọ fún ẹni yẹn pé àárọ̀ lo máa wá, àti pé kó má ṣíná sí i kí o tó dé. Kí ọ̀rọ̀ owó tó wáyé rárá, fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, dágbére fún wọn, kí o sì padà lọ́jọ́ mìíràn.

Tó bá tutù, ṣí ìdérí rédíétọ̀. (Má dán èyí wò láéláé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi inú rẹ̀ lè bó èèyàn lójú.) Tí o bá rí ọ́ìlì tó léfòó sójú omi, ọ̀rọ̀ ti parí. Fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí o nù ún sára aṣọ funfun. Tí ọ́ìlì bá dà bí wàrà tó ń hó, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n má tíì ṣíná. Ó yẹ kí iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti já a kí o má baà rí i. Jẹ́ kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ bí o ṣe ń ṣíná. Ooru funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tètè lọ kò burú. Èyí tó nípọn tí kò lọ ni èmi rà. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó, dúdú sì túmọ̀ sí pé epo bẹntiróòlù ti pọ̀ jù.

Mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tajà, kó sì mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń lo epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀rọ náà bá sọ pé kò sí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n tó tún sọ pé ọkọ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, bi wọ́n léèrè: ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn àṣìṣe náà rẹ́ ni. Ọ̀kan náà ni ìyẹn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná: àléébù lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, kí o wo apá tí kì í sábà rí ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà ẹrẹ̀ lára ọkọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ tà fún àbúrò mi. Wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí bẹ́líìtì. Ọkọ̀ tí omi ti mù kì í tètè ṣàìsàn. Wáyà inú rẹ̀ á máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀, títí iná á fi kú lójijì lórí eré.

Wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì pẹ̀lú. Tó bá ti jẹ títí ó fi ń dán, tí máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì kéré, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yí máìlì náà padà. Nọ́ńbà ṣáásí, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀, jẹ́ àmì 17, lẹ́tà àti òǹkà pọ̀: kí tìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti tinú ìwé bára mu. Táyà náà ní òǹkà mẹ́rin lára tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, kí o dúró, kí o tan amúlétutù, kí o sì máa wo abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bóyá ó ń gòkè ṣáá.

Tí o bá débẹ̀ láàárọ̀, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì tutù, pè mí kí o tó ṣíná. Gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń jí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ