Mọ̀ọ́mì, ọ̀rọ̀ ọmọlanke tí ẹ sọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Mọ̀ọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, mo mọ̀ pé ìdí mákíínì lẹ máa wà báyìí. Àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́ rọra kà á, gbogbo ẹ̀ ni kóo kà fún wọn o, mo mọ̀ ẹ́, tóo bá ti rí i pé ó gùn wàá ní "ó ní ẹ kú ilé, ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà", wàá gbé fóònù ẹ lọ.

Àlàáfíà la wà lóòótọ́ ṣá. Ọmọ tuntun ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń mu ọmú bí ẹni gba iṣẹ́ àgbàṣe, kò mọ ọ̀sán kò mọ òru. Àjọkẹ́ yín ti lé lọ́dún kan àti oṣù mẹ́wàá, ẹnu ti ń yọ, ẹsẹ̀ ti ń sáré, gbogbo nǹkan tí àbúrò ẹ̀ bá gbà lòun náà fẹ́ gbà. Bàbá wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, tó bá dé láàárọ̀ oorun ló kù, nítorí náà láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi àti àwọn méjèèjì yìí náà ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà tí mo fi kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́gì níbí, hàn yín lórí fóònù. Ẹ ní "ọmọlanke rèé, ṣé iṣu lẹ fẹ́ fi kó ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wá ní ẹ̀yin tọ́ àwa márùn-ún, ọ̀já nìkan lẹ ní, èwo ni ká máa kówó fún òyìnbó nítorí àtigbé ọmọ jáde nílé. Kò dùn mí o Mọ̀ọ́mì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, mo ti ń dá yín lóhùn nínú ara mi láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń fọ abọ́ mò ń dá yín lóhùn, ló jẹ́ kí n kúkú jókòó kọ ọ́.

Ẹ wò ó. Nígbà tí ẹ pọ̀n mí, ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ Màmá Òdò-Ọjà, tí kò bá sí lọ́dọ̀ Màmá ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín láàárín àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ kàn máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ẹ bá mi wo ọmọ yẹn o", ẹ ti lọ sọ́jà ẹ ti dé. Èmi kọ́ ni mo ní n má ní irú ẹ̀ níbí. Tí mo bá so kékeré mọ́ àyà tí mo fa Àjọkẹ́ lọ́wọ́, a máa ń lọ dáadáa títí á fi rí ẹyẹlé. Tó bá ti rí ẹyẹlé ó tán, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi òjò, á na ọwọ́ sókè pé kí n gbé òun, èmi tí mo ti gbé ẹnì kan, tí báàgì wà léjìká mi, tí wọ́n ṣì ń sọ fún mi lọ́sibítù pé kí n má gbé ẹrù tó wúwo.

Ìlú yìí náà tún wá jẹ́ òkè. Ẹ mú ọ̀bẹ àtijọ́ yẹn, èyí tí ẹ fi ń bẹ iṣu tí ẹ fi okùn wé èèkù ẹ̀, ẹ wo ara irin ẹ̀, Sheffield ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlú tí mo wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí nìyẹn, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ, ibí ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà lọ́dún 1913. Wọ́n máa ń sọ pé orí òkè méje ni ìlú náà jókòó lé, èmi rò pé ẹni tó kà á sí méje yẹn ò ti bọ́gì rí. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, abẹ́ Olósùnta ni mo dàgbà sí, òkè ò bà mí lẹ́rù, àmọ́ ta ló ń ti nǹkan gun Olósùnta?

Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ yá mi ní bọ́gì ọlọ́mọ méjì tiẹ̀. Ẹgbẹ́ ara wọn làwọn ọmọ ń jókòó sí nínú ìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn méjì jókòó níwájú mọ́tò, ọ̀kan ò gba iwájú mọ́ ọ̀kan lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń rí títì. Ká sòótọ́, ó ń tì dáadáa gan-an, ọwọ́ kan lo lè fi darí ẹ̀. Ìbú ẹ̀ ni wàhálà. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ínṣì 30 gbáko. Ilẹ̀kùn àbáwọlé wa ínṣì 31, ó wọlé, inú mi dùn, mo ní a ti bọ́, mi ò rántí pé ilẹ̀kùn tèmi nìkan kọ́ ni mo máa gbà kọjá láyé.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra gààrí ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Ilẹ̀kùn wọn ò ju ínṣì 29 lọ. Mo tì í, kò lọ, mo fi inú tì í, ó wọ ìdajì ó há, kò ṣe é tì síwájú kò ṣe é fà sẹ́yìn, Àjọkẹ́ ti na ọwọ́ mú páálí indómì tó wà nítòsí ó ti ń fà á, èèyàn mẹ́ta ti tò sẹ́yìn mi nínú òtútù wọ́n ń sọ fún mi pé kò sí wàhálà, pẹ̀lú ojú tó ń sọ pé wàhálà wà. Ọkùnrin tó ń tajà wá dúró lẹ́yìn káńtà ó ń kígbe pé "Ìyá Ìbejì, ẹ fà á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyá Ìbejì!" Bẹ́ẹ̀ ni màmá kan tó ń yan èlùbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́ "ìbejì", ará Ọ̀yọ́ ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ orin, ó ti jó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fi owó pọ́n-ùn méjì lé Àjọkẹ́ lọ́wọ́ kó tó wá bojú wo ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó wo kékeré, ó wo ńlá, ó ní "èwo nínú wọn ni Táyé?" Mo ní Màmá, wọn kì í ṣe ìbejì o, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Ó ní kò burú, owó ò ní padà sápò òun, kí n fi ra bísíkíìtì fún wọn. Títí dòní, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, Ìyá Ìbejì lorúkọ mi.

Mo dá a padà fún obìnrin Ìjẹ̀bú. A wá lọ wo tuntun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Mọ̀ọ́mì, iye tí wọ́n kọ sára àwọn kan níbẹ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, ẹ má jẹ́ kí àbúrò mi ṣírò ẹ̀ sí náírà fún yín, ẹ ò ní sùn. Àwọn tí a wò jù ni èyí tí ọmọ kan wà níwájú tí ìkejì wà lẹ́yìn, ìbú ìyẹn ò ju ti ẹlẹ́yọ ọmọ lọ, ilẹ̀kùn ò lè há a, gígùn ló ń gùn. Àmọ́ irú ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé abẹ́ ìjókòó àkọ́kọ́ gan-an ni ìjókòó kejì wà, bí ìgbà tí ajá sùn sábẹ́ àga. A gbé Àjọkẹ́ síbẹ̀. Ó wo iwájú, ẹ̀yìn ìjókòó ló rí, ó wo òkè, aṣọ ló rí, ó figbe ta, "kùnkùn! kùnkùn!", òkùnkùn ló ń sọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wa. Ọkọ mi ní ká wá gbé kékeré síbẹ̀, ká gbé Àjọkẹ́ sókè. Èmi kọ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà yẹn, tí mi ò ní rí ojú ẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, tí bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á máa gbo lókè orí ẹ̀?

Nǹkan tí mo tún kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìjókòó ló gba ọmọ tuntun. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì le kì í jókòó, ohun táwọn náà ń sọ nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ sùn gbalaja, torí tó bá kákò sórí ìjókòó tí àgbọ̀n ẹ̀ tẹ àyà, ó lè má mí dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ iwájú nìkan ló ń sùn sílẹ̀, àwọn kan ẹ̀yìn nìkan, àwọn kan wà tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà sí sára ìjókòó méjèèjì, èèyàn á sì rò pé ti ọmọ tuntun ni torí àwọ̀ ẹ̀ dára.

Pákó kan tún wà tó ní táyà kéékèèké, ẹ̀yìn bọ́gì ẹlẹ́yọ kan ni wọ́n ń so ó mọ́, ẹ̀gbọ́n á dúró sórí ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, òun ló wu ọkọ mi. Ọdún méjì ni wọ́n kọ sí èyí tí a rí, Àjọkẹ́ ò tíì pé e, ó gun orí ẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, a ò tíì rìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá ó ti bẹ́ sílẹ̀. Mo wá bi ọkọ mi pé tí aago kan bá lù tí oorun bá gbé e ńkọ́, ta ló ń sùn lóòró? Ẹṣin ni. Kò dá mi lóhùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ra àlòkù. Pọ́n-ùn 85, lọ́wọ́ ìyá kan tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti wọ iléèwé. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú nísàlẹ̀ ó ń wo títì, àbúrò wà lẹ́yìn lókè díẹ̀, ó sùn gbalaja, mo ń rí ojú ẹ̀ bí mo ṣe ń tì í. Kí n tó sanwó mo gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé obìnrin yẹn, mo tẹ búréèkì, mo dì í mú mo fi ara tì í wò bóyá á yọ̀, kò yọ̀. Mo ká a, mo tú u, kí n gbọ́ bó ṣe ń ró tó bá bọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń fa sípì wò tí ẹ bá rán an tán. Táyà iwájú kan ń dún fíọ́ fíọ́, ó ṣì ń dún di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àléébù ẹ̀ ò kéré o. Ó wúwo, ẹ bu omi kọjá ìdajì sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ gbé e, bó ṣe wúwo nìyẹn, a ò sì tíì gbé ọmọ sínú ẹ̀. Kò wọ bútù mọ́tò wa àfi tí a bá yọ táyà méjì. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá mi, torí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pé ọ̀gbẹ́ni Owen Maclaren tó ṣe ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú Spitfire fi ń balẹ̀, òun náà ló jókòó ní 1965 tó ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń ká bí agboòrùn, kò tó kílò mẹ́ta. Tiwa ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Bí ìgbà tí èèyàn ń bá ewúrẹ́ jà ni mo ṣe ń ká a.

Ti bọ́ọ̀sì ló le jù. Àyè kan wà nínú bọ́ọ̀sì níbí fún ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, bọ́gì lè dúró síbẹ̀ tí kò bá sí wọn, àmọ́ tí wọ́n bá dé, àwọn ló ni ín. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2017, wọ́n ní kò tó kí dírẹ́bà kàn bẹ ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì panu mọ́, tó bá rí i pé agídí lásán ni onítọ̀hún ń ṣe, kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn, ẹni tí ò lè dìde ò lè dìde, tèmi ṣeé ká. Àmọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, òjò ń rọ̀, bàbá kan wọlé lórí àga, dírẹ́bà ní kí n ká bọ́gì, èmi tí ọmọ méjèèjì sùn lé lórí. Mo wo ewúrẹ́ mi, mo wo àwọn ọmọ, mo kúkú bọ́ sílẹ̀. Ibùdókọ̀ méjì ló kù, òkè ni gbogbo ẹ̀. Bàbá yẹn ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, èmi náà juwọ́.

Ó wá ku èyí tí mi ò fẹ́ sọ, ẹ má pariwo, ọmọ ò fara pa. Lọ́jọ́ Fúráìdeè mo ra iṣu kan, iṣu Gánà, kì í lẹ̀ bíi ti Èkìtì tí èèyàn bá gún un àmọ́ ohun tó wà nìyẹn, mo fi sí báàgì mo so ó mọ́ ọwọ́ bọ́gì. A dé ẹnu ọ̀nà, mo tú Àjọkẹ́ sílẹ̀ kó bọ́ọ́lẹ̀. Bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ báyìí iwájú fúyẹ́, iṣu fa ẹ̀yìn, bọ́gì gbójú sókè, mo gbá a mú nígbà tó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀. Bẹ́líìtì wà lára kékeré, kò tiẹ̀ jí. Èmi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yín wá sọ sí mi lọ́kàn, ṣé iṣu lẹ fẹ́ fi kó ni. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ niṣu ń wọ̀ báyìí.

Ọ̀já yín náà ò sinmi o. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kékeré sùn, tí inú Àjọkẹ́ bá ń bí i pé wọ́n gba ìyá òun, mo máa ń pọ̀n ọ́n rokà nínú kíṣìnnì, á gbé orí lé mi lẹ́yìn, á dákẹ́. Aláwọ̀ búlúù yẹn ti ya létí, tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ ẹ bá mi rán méjì sí i, kó gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ara mi ti fẹ̀.

Kékeré ti jí. Téèpù yín tí ẹ ti ń wá láti ọdún tí mo kúrò nílé, tí ẹ fi bú gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun ni mo fi ń wọn ilẹ̀kùn kiri. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín,
Ìyá Àjọkẹ́