Ẹ yé ra akoto ìṣe-bí-sójà fún panápaná wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ayẹyẹ kan nílùú wa, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ panápaná jáde pẹ̀lú akoto tuntun aláwọ̀ wúrà tó ń dán yinrin. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ gba máìkì, ó ní ká wò wọ́n bí wọ́n ṣe rí bíi sójà. Àtẹ́wọ́ sọ. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá irin ni àbí ike, tàbí bóyá ó lè gba ooru iná. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kan náà ni mo rí nígbà tí iná jó ọjà wa, akoto àwọn tó ń kọ́lé ni wọ́n dé wọ inú èéfín. Ojú ni wọ́n ń ra akoto fún, wọn kì í rà á fún orí!

Àwọn Òyìnbó ti ṣe irú èyí rí, wọ́n sì ti jáwọ́ ńbẹ̀. Sójà ni panápaná Paris láti ìgbà tí Napoleon, olú ọba Faransé, ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún 1811, ìdí nìyẹn tí akoto idẹ wọn fi jọ ti ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Eyre Massey Shaw, ọ̀gá panápaná London, rí i, ó wù ú, ó sì mú un wá fáwọn èèyàn rẹ̀ láwọn ọdún 1860. Akoto awọ dúdú ni wọ́n ń dé tẹ́lẹ̀. Ti idẹ yìí ń kọ mànà, ó ní nǹkan bí ogbe àkùkọ láàárín orí, èyí tó ń gba ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ idà. Ká sòótọ́, ó wúlò bí igi àjà bá já luni. Àmọ́ nígbà tí iná mànàmáná wọ ilé, idẹ di ewu, torí idẹ ń gbé iná. Wáyà kan tó já sílẹ̀ láti òkè àjà ti tó pa ẹni tó dé e. Síbẹ̀ orí wọn ló wà títí di àwọn ọdún 1930 kí London tó fi èyí tí kì í gbé iná rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ sójà wá kò dára. Nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London ní 1940, akoto irin bíi ti sójà ni panápaná dé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àfọ́kù irin ló ń já bọ́ láti òkè. Àwọn sójà Faransé gan-an, nígbà tí wọ́n ń wá akoto irin lọ́dún 1915, ti panápaná ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Ewu ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henry Gratacap tó ń ṣe akoto awọ ní New York láwọn ọdún 1830. Òun fúnra rẹ̀ bá wọn pa iná rí, ó sì mú etí ẹ̀yìn akoto gùn kí omi má bàa ṣàn wọ ọrùn èèyàn.

Ta ló ń yan tiwa? Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ni, tí èéfín ò wọ̀ lójú rí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún kọ́ńtírátọ̀ èyíkéyìí, kí wọ́n pe àwọn panápaná tó ti wọnú iná rí, kí wọ́n sì gbé akoto náà síta gbangba lójú oníròyìn. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ká rí i bóyá yóò yọ́. Kí wọ́n ju búlọ́ọ̀kù lù ú. Kí oníṣẹ́ iná mànàmáná fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń gbé iná. Lẹ́yìn náà kí òṣìṣẹ́ kan dé e gun àkàbà tòun ti okùn omi léjìká, ká mọ̀ bóyá yóò máa yọ̀ bò ó lójú. Èyí tí kò bá yege, kí kọ́ńtírátọ̀ kó o padà, kí wọ́n má san nǹkan kan fún un.

Kí wọ́n ra bàtà àti ìbọ̀wọ́ náà. Kí omi wà nínú ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kò sówó. Owó kì í tán nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ohun tí wọ́n máa fi ṣe ojú ayé, orí òṣìṣẹ́ nìkan ni kì í sówó fún. Kí wọ́n ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà ọyẹ́ ni iná máa ń jó ọjà wa jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn