Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó ra mítà dáṣíbọ́ọ̀dù mìíràn

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti dàgbà díẹ̀ ni èmi ríwáyà yín, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin oní-Peugeot 504, oní-Golf 2, oní-Corolla àti Camry àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ní Mercedes 190 tí ẹ kò gbà láti tà. Ó ti wá wọ́pọ̀ pé kí ẹ gbé mítà tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ wá bá wa, kí ẹ ní ká ṣáà bá yín fi rọ́pò èyí tó wà lára ọkọ̀, torí pé gééjì epo kò gòkè mọ́. Àwa á ní ká kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò, a ó sì gba owó àyẹ̀wò. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n ní owó ẹ̀ẹ̀mejì la fẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mítà kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Gééjì kò mọ iye epo tó wà nínú táńkì. Ohun tí wáyà bá gbé wá ló ń sọ. Láti ìdí táńkì dé iwájú yín, fúlótà (ohun tó ń léfòó nínú epo láti wọn iye rẹ̀) wà níbẹ̀, wáyà gígùn tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, fúùsì wà níbẹ̀, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀) náà wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan gééjì fúnra rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bi yín pé: ṣé gééjì kan ló yodì, àbí méjì, àbí gbogbo wọn? Ìdáhùn yín máa ń dín iṣẹ́ kù gan-an. Bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fúùsì la kọ́kọ́ ń wò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bó bá jẹ́ ti epo àti ti tẹ́ńpíréṣọ̀ ló jọ ń ṣe ségesège, tí táńkì kò kún, tí ẹ́ńjìnì kò gbóná, síbẹ̀ tí àwọn méjèèjì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, èròjà kékeré kan lẹ́yìn mítà la máa ń fura sí. Ti Golf 2, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Iná bátìrì ló ń gbà, tó lè jẹ́ 12 volt, tó sì lè tó 14 bí alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣaájì bátìrì) bá ń ṣiṣẹ́. 10 volt péré ló sì ń fún gééjì méjèèjì, kí ọwọ́ wọn má bàa máa lọ sókè sódò. Bó bá bàjẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa parọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn ra odindi mítà ti da owó sómi.

Ti ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin fúnra yín lè dán an wò lálẹ́. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ gééjì epo dúró sí, kí ẹ wá tan iná iwájú. Ẹ fi tíráfíkétọ̀ kún un. Bí ọwọ́ gééjì bá yẹ̀ díẹ̀ bí iná iwájú ṣe tàn, tó sì wá ń mì bí tíráfíkétọ̀ ṣe ń dún, ẹ́ẹ̀tì mítà ló ti tú tàbí tó ti dógùn-ún. Iná tí kò rí ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì gbà padà ló ń gba inú gééjì wá ọ̀nà lọ. Ohun tí a ó ṣe ni pé ká tú wáyà náà níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀, ká fi sáńpépà ha ojú irin títí yóò fi dán, ká dè é padà le dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa báyìí láìra ohunkóhun.

Bó bá jẹ́ gééjì epo nìkan, ìdí táńkì là ń lọ. Abẹ́ àga ẹ̀yìn tàbí inú búùtù ni ojú rẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. A ó yọ orí wáyà fúlótà, a ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Nínú Toyota àtijọ́, ọwọ́ gééjì yóò dúró síbi òfo. A ó wá fi gílóòbù kékeré kan so wáyà náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bó bá gòkè bẹ́ẹ̀, gééjì àti wáyà ti jàre, fúlótà ni ká mú. Gílóòbù yẹn wà níbẹ̀ kí iná má bàa pọ̀ jù fún gééjì. Mo ti rí àwọn tó ń so wáyà náà mọ́ irin ní tààrà, tí wọ́n á wá máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni gééjì tó yè tẹ́lẹ̀ ti ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí nílé. Òórùn epo tó wà nídìí táńkì kò nílò ju ìta iná kékeré kan lọ kó tó gbiná.

Fúlótà náà, tẹ́sítà la fi ń wò ó, ká mọ bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó; ohm ni a fi ń wọn ìyẹn. Ti Toyota àtijọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 3 ohm bí táńkì bá kún, á sì tó nǹkan bí 110 bó bá ṣófo. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors láti Amẹ́ríkà, òdìkejì rẹ̀ ni: òfo ni 0, kíkún ni 90. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé fúlótà kan bá ọkọ̀ yín mu torí pé ó wọ ihò rẹ̀. Bí a bá ń fi ọwọ́ gbé apá fúlótà sókè díẹ̀díẹ̀, òǹkà tẹ́sítà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e láìdákú. Bó bá dákú láàárín, ojú ibi tí apá náà ń fà lórí ti jẹ. Nígbà mìíràn, ohun tó yẹ kó léfòó ló ti mu epo tó sì rì: táńkì kún dẹ́nu, gééjì ní òfo ni.

Àwọn oníbàárà kan ti ní àwọn kò nílò gééjì epo, àwọn mọ ibi tí epo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ń gbé àwọn dé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí pọ́ńpù ọkọ̀ yín bá wà nínú táńkì, epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Bí ẹ bá ń fi ìsàlẹ̀ táńkì rìn lójoojúmọ́, pọ́ńpù á jó, owó rẹ̀ á sì ju ti fúlótà lọ fíìfíì.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ni ti tẹ́ńpíréṣọ̀. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń gbé. Bí omi bá ti jò dé ibi tí kò kan sẹ́ńsọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ àti ooru omi gbígbóná ló kù tó ń kàn án, gééjì sì lè já wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sè lọ́wọ́. Bí ọwọ́ gééjì bá gòkè lójú títì márosẹ̀, tó wá ṣàdédé wálẹ̀, ẹ má ṣe dúpẹ́. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹni tó bá ń bá a lọ torí pé gééjì ní kò gbóná ló ń bọ̀ wá ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ̀ tí gééjì rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni pé, ta ló tún rédíétọ̀ ṣe kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ti yọ tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná) sọ nù, wọ́n ní ooru ilẹ̀ wa kò fẹ́ ẹ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ máa ń mu epo jù, gééjì yín sì ń sọ òótọ́ fún yín lójoojúmọ́, ẹ̀yin lẹ ń pè é ní òpùrọ́.

Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì ná, kí ẹ tó ní sẹ́ńsọ̀ ni. Sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló wọ́n jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi fẹ́ràn láti dá a lẹ́bi. Gééjì onírin la máa ń dè sí ojú ihò rẹ̀, ká mọ bí ọ́ìlì ṣe ń tì sí gan-an, ká tó dájọ́.

Ti gééjì eré sísá kò le. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kébù tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì ti gbẹ. Bí kò bá mira rárá, kébù ti já. Àwọn tó jẹ́ oníwáyà, sẹ́ńsọ̀ ara gíábọ́ọ̀sì la ń wò.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀: ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kí ẹ wo iná ọ́ìlì, ti bátìrì àti ti ẹ́ńjìnì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá ti sítáàtì. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa rí àléébù. Kò sì yẹ kí ẹ fojú kékeré wo iná bátìrì: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú gílóòbù yẹn ni iná tó ń jí alternator ń gbà. Bó bá jó, alternator lè má ṣaájì títí ẹ ó fi tẹ ọkọ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà tòkunbọ̀ máa ń gbé òǹkà ìrìn ọkọ̀ ẹlòmíràn wá, èyí tó bá sì ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́la á ní ẹ yí i padà ni.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nítorí gééjì epo, ẹ má ra epo kún táńkì, torí a lè ní láti yọ fúlótà. Bó bá jẹ́ tẹ́ńpíréṣọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ kí ó tó gbóná. Owó àyẹ̀wò, a máa ń yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ bí ẹ bá ní ká ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ra mítà kan, ẹ bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀ bóyá ó lè gbà á padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò kí a tó parí àyẹ̀wò.

Èmi ni,
Ríwáyà yín