Lẹ́tà sí àbúrò mi: dókítà yẹn ò fi ọmọ wa ṣeré

Àbúrò mi,

Mo ti gbọ́ voice note ẹ látòkè délẹ̀, títí dé ibi tó o ti ń pariwo pé orúnkún ló ń dun ọmọ, kí ló wá kan ọwọ́ òsì tí dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe X-ray ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín o, má bínú. ACL ọmọ ló já, ìyẹn okùn tó so egungun itan mọ́ ojúgun nínú orúnkún, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí egungun ẹ̀ ṣe máa gùn tó sí i. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí egungun. Ọmọ lè pé 13 kí egungun ẹ̀ ṣì wà ní 11, kí ti ẹnì kejì ẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì sì ti fẹ́ máa dà bíi tàgbà, wọ́n á wá gbé fọ́tò ọwọ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ bó ṣe máa ga tó sí i.

Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣe pàtàkì ni pé egungun itan àti ojúgun ọmọ níbi tó rọ̀ nítòsí orúnkún, ibẹ̀ legungun ti ń gùn. Èmi àtìwọ ò ní i mọ́. Tọmọbìnrin máa ń le, tí kò ní gùn mọ́, ní bíi ọdún 13 sí 15, tọkùnrin máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. ACL tó já yìí, tó bá ṣe pé àgbà ló ni ín, wọ́n á kàn dá egungun lu lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á fa iṣan míì gba inú ihò yẹn, ó tán. Àmọ́ tí wọ́n bá lu ihò gba ibi tó rọ̀ yẹn bó ṣe wù wọ́n, ẹsẹ̀ kan lè kúrú ju èkejì, tàbí kó wọ́. Ìdí tí mo fi takú pé ẹni tó mọ egungun ọmọdé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá nìyẹn, ìyẹn lè yí ihò náà gba ibòmíì.

Ìyàwó ẹ ní ṣé ẹ ò ní dúró títí ọmọ á fi dàgbà tán ná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ orúnkún tó ń yẹ̀ báyìí tí ọmọ ṣì ń sá kiri lórí ẹ̀, á tún ya meniscus mọ́ ọn, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun orúnkún. (Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wú nísàlẹ̀ orúnkún yàtọ̀ o, Osgood-Schlatter nìyẹn, ìrora ibi tí iṣan ti lẹ̀ mọ́ ojúgun ọmọ tó ń dàgbà, àtọdún 1903 ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀, ìsinmi ló sábà máa ń fi lọ, ẹ má wulẹ̀ pa wọ́n pọ̀.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kóòṣì tó ní oṣù 6 ti tó kí ọmọ padà sórí pápá. Kò tó! Ó kéré tán oṣù 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á sì kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣan itan ẹsẹ̀ yẹn ti lágbára tó bíi ti èkejì, wọ́n á ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò, torí àwọn ọmọdé tó tètè padà sórí pápá yìí ni tiwọn máa ń tún já jù, nígbà míì ẹsẹ̀ kejì ló máa já. Ọmọbìnrin tún ni, ACL tiwọn máa ń já ju tọkùnrin lọ nínú bọ́ọ̀lù kan náà. Ilé ìwé ń pè é, kíláàbù ń pè é, wákàtí tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ kí ACL ẹ̀ tó já ti ju iye ọdún ẹ̀ lọ, àwọn dókítà sì ní kò yẹ kó jù ú, ìgbà wo ló fẹ́ sinmi?

Ọmọ yẹn sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun pé tóun bá padà á tún já. Kò sọ fún ẹ torí ó mọ bó o ṣe fẹ́ràn kóun gbá bọ́ọ̀lù tó. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, má bá a dáhùn, torí wọ́n máa ń wo ìyẹn náà kí wọ́n tó ní kó padà. Kóòṣì ní tiẹ̀, fún un ní nọ́ńbà mi, tó bá fẹ́ bínú kó wá bá mi bínú.

Ẹ̀gbọ́n ẹ