Ọ̀rẹ́, ní kí wọ́n yọ fọ́tò yẹn

Okun o, ọ̀rẹ́ mi. Ooru Màìdúgùrí ńkọ́? Ara ìyá ẹ le, mo rí wọn lọ́jà Kábbà, wọ́n ń fi ẹ yangàn kiri.

Fọ́tò ẹ tí wọ́n gbé sórí WhatsApp àwọn ọmọ kíláàsì wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Gbogbo wọn ń kí ẹ kú oríire ipò tuntun lẹ́nu iṣẹ́ sójà, wọ́n ń ṣe àmín lóríṣiríṣi, èmi ẹ̀yìn ẹ ni mò ń wò. Máàpù wà lára ògiri tòun ti píìnì pupa, fáìlì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n tiẹ̀ lu RESTRICTED, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ rí i, mọ́ ìwé kan lórí, mo zoom ẹ̀, mo ń ka déètì. Èmi tí mò ń ta símẹ́ńtì! Ta ló sì mọ ẹni tó ń lo fóònù àwọn tó ti sọ tiwọn nù nínú group yẹn?

Wàá ní mo ti dé nùu. Ṣùgbọ́n sójà tí wọ́n bá mú, ibi tó dúró sí nìkan ló mọ̀, fáìlì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀yin staff officer tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò iṣẹ́ ológun mọ ibi tí gbogbo wọn ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra àti iye epo tí wọ́n máa jó. Àwọn ọ̀gá ológun òfurufú Jámánì kì í ṣe òmùgọ̀, 2024 ni wọ́n sọ̀rọ̀ mísáìlì Taurus lórí Webex, áàpù ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn wọlé láti hòtẹ́ẹ̀lì ní Singapore, kò pẹ́ táwọn ará Rọ́ṣíà fi gbé ohùn wọn síta fún gbogbo ayé. Aago tó o fi ń sáré láàárọ̀ náà ńkọ́? Ní 2018 máàpù Strava, áàpù tó ń gba ibi téèyàn sáré dé sílẹ̀, ló tú bárékè àwọn Amẹ́ríkà ní Síríà fó, torí àwọn ọmọ ogun ń sáré yípo ẹ̀. Jọ̀ọ́ pa location ẹ̀.

Ṣó o rántí bàbá mi nígbà tí wọ́n jẹ́ chief clerk? Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n bá fi tẹ̀wé, wọ́n á jó o, wọ́n á dúró tì í títí á fi deérú. Ẹni tó bá gba fáìlì, ọ̀gá tàbí kọ́ọ̀pù, á sáìn síwèé kó tó gbé e. Tí wọ́n bá ń lọ tọ̀ pàápàá wọ́n á ti kọ́bọ́ọ̀dù. Màámi máa ń bínú sí wọn pé àwọn ò mọ ibi tí ọkọ àwọn ń lọ àfi tó bá ti dé, sha kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn.

Tó o bá ń bọ̀ wálé, má sọ ọjọ́ tó o máa gba ọ̀nà Obájánà fún ẹnikẹ́ni, kódà èmi. Kàn pè mí tó o bá ti wọ Kábbà, màá ní kí wọ́n gúnyán.