Ìfẹ́ Méjì Nínú Ọgbà Gẹtisémánì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì wa tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Jésù lè dẹ́ṣẹ̀? Tí kò bá lè dẹ́ṣẹ̀, kí wá ni Sátánì ń dán wò nínú aginjù? Tó bá sì lè dẹ́ṣẹ̀, báwo ló ṣe jẹ́ Ọlọ́run?" Mo ní àdììtú ni, pé ká ṣáà gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó jókòó, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dákẹ́ nítorí pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí ni, kì í ṣe nítorí pé mo dá a lóhùn. Èyí tí mò ń kọ yìí ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 325, ìgbìmọ̀ àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ti là á mọ́lẹ̀ pé Ọlọ́run tòótọ́ ni Jésù. Ní ọdún 451, ti Chalcedon fi kún un pé ẹnì kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú àdámọ́ méjì: ó jẹ́ Ọlọ́run ní kíkún, ó jẹ́ ènìyàn ní kíkún, láìdà wọ́n pọ̀, láìyà wọ́n nípá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí. Ìbéèrè tó kù ni pé, bí àdámọ́ bá jẹ́ méjì, ìfẹ́ ńkọ́? Ṣé ìfẹ́ kan ni Jésù ní ni, àbí méjì?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, "ìfẹ́". Lédè wa, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ìfẹ́ tí ìyá ní sí ọmọ àti ìfẹ́ tó wà nínú "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe." Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni mò ń sọ, ìfẹ́-inú, ohun tó ń mú ènìyàn sọ pé "mo fẹ́" tàbí "mi ò fẹ́". Síbẹ̀ mi ò rò pé èdè wa ṣìnà bó ṣe so méjèèjì pọ̀. Ohun tí ọkàn ènìyàn bá fẹ́ràn lọwọ́ rẹ̀ máa ń nà sí.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje, Heraclius, Késárì ilẹ̀ ọba Róòmù tó ń jọba ní Constantinople, ń wá bí yóò ṣe kó àwọn onígbàgbọ́ jọ. Ogun ń jà á lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ Kristẹni ní Íjíbítì àti Síríà kò sì gba ohun tí wọ́n sọ ní Chalcedon. Sergius, olórí ìjọ ní Constantinople, bá a wá ọ̀rọ̀ tí tọ̀tún-tòsì lè gbà: ká gbà pé àdámọ́ jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ká sọ pé ìfẹ́ kan ṣoṣo ni Kristi ní. Póòpù Honorius ti Róòmù náà kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ní ọdún 638, Késárì sọ ọ́ di àṣẹ. Kí n má purọ́, ká ní mo wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ta ni yóò fẹ́ Jésù tí inú rẹ̀ pín sí méjì, tí apá kan ń bá apá kejì jà?

Ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan tó ń jẹ́ Maximus. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kò sì ní ipò kankan. Ohun tó sọ rèé: ìfẹ́-inú kì í bá ẹni rìn, àdámọ́ ló ń bá rìn. Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé àdámọ́ wọn jẹ́ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé iye ẹni ni iye ìfẹ́, a jẹ́ pé ìfẹ́ mẹ́ta ló wà nínú Ọlọ́run, ìyẹn sì ti fẹ́ di ọlọ́run mẹ́ta. Bó bá sì jẹ́ pé àdámọ́ ni ìfẹ́ ń bá rìn, Jésù tó ní àdámọ́ méjì ní ìfẹ́ méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn.

Gregory ará Nazianzus, bíṣọ́ọ̀bù kan láyé àtijọ́, ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú rẹ̀, pé ohun tí Kristi kò bá gbé wọ̀, kò wò ó sàn. Ẹ fi wo Ádámù. Ibo ló ti ṣubú gan-an? Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ̀, kì í sì í ṣe ẹnu tó fi jẹ èso ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú "mo fẹ́" ni. Bí Jésù bá wá gbé ẹran ara wa wọ̀, tó gbé ọkàn wa wọ̀, tó sì fi ìfẹ́-inú wa sílẹ̀, ibi tí egbò wà gan-an ni kò fọwọ́ kàn.

Maximus tọ́ka sí Máàkù 7:24, níbi tí Jésù ti wọ ilé kan, "kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ó mọ̀", síbẹ̀ kò ṣeé ṣe fún un láti fara pamọ́. Ta ló fẹ́ nǹkan tí kò rí i ṣe? Ìfẹ́ Ọlọ́run kì í kùnà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kékeré tí mo ti kà kọjá láìmọye ìgbà ni.

Ṣùgbọ́n inú ọgbà Gẹtisémánì lọ̀rọ̀ ti yanjú. "Baba, bí ìwọ bá fẹ́, gba ago yìí lọ́wọ́ mi: ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti èmi kọ́, bí kò ṣe tìrẹ ni kí a ṣe" (Lúùkù 22:42). "Ìfẹ́ ti èmi", ìfẹ́ wo nìyẹn? Kò lè jẹ́ ti Ọlọ́run, nítorí pé ìfẹ́ Ọlọ́run tó wà nínú Ọmọ àti èyí tó wà nínú Baba, ọ̀kan náà ni. Ìfẹ́ ènìyàn ló ń fà sẹ́yìn yẹn, ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára, tí kò fẹ́ kú. Kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló dá ohun abẹ̀mí pé kó máa fẹ́ ìyè. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀rù tó ń bà yín jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ẹ̀rù ikú ba Olúwa wa débi pé òógùn rẹ̀ dà bí ìkán ẹ̀jẹ̀ ńlá. Kò fi pamọ́ fún Baba.

Ibi tí Maximus wá ti yà mí lẹ́nu jù ni apá kejì àdúrà náà. Èmi ti máa ń rò pé ìfẹ́ ènìyàn ló sọ pé "gba ago yìí", tí ti Ọlọ́run wá pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe." Ó ní rárá, ìfẹ́ ènìyàn kan náà ló sọ méjèèjì. Ẹni tó gbọ̀n náà ló gbà. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú un, àní Ọlọ́run tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ kò fi tipá mú un.

Ṣé ó wá lè dẹ́ṣẹ̀? Àwọn Kristẹni olóòótọ́ wà tí wọ́n sọ pé ó lè ṣe é, kàn kò ṣe é ni. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kò lè ṣe é. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a rò pé òmìnira ni kéèyàn dúró ní oríta, kó máa wo ọ̀tún wo òsì. Maximus ní iyèméjì yẹn, àìmọ̀kan àti ìṣubú wa ló bí i. Ìyá kan gbé ọmọ tuntun sọ́wọ́, ọ̀bẹ wà lórí tábìlì. Ṣé ó lè gún ọmọ náà? Ọwọ́ rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò lè ṣe é láéláé, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ pé kò lómìnira. Ọ̀mùtí tó fẹ́ gba iwájú ilé ọtí kọjá, tí kò sì lè ṣe é, ọ̀nà méjì wà níwájú òun, ẹrú sì ni.

Ní ti ìdánwò, a máa ń fi iná dán wúrà wò. Nítorí pé wúrà kò jóná, ṣé a wá lè sọ pé iná náà ò gbóná ni? Hébérù 5:7 sọ̀rọ̀ ẹkún kíkan àti omijé.

Ẹ̀kọ́ yìí ná àwọn tó dì í mú ní ohun ńlá. Késárì Constans Kejì pàṣẹ ní ọdún 648 pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ìfẹ́ kan tàbí méjì mọ́. Wọ́n mú Póòpù Martin tó pe ìgbìmọ̀ ní Róòmù lọ́dún 649 láti tako ẹ̀kọ́ ìfẹ́ kan, ó sì kú sí ìgbèkùn lọ́dún 655. Ní ọdún 662 wọ́n gé ahọ́n Maximus, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé, wọ́n lé e lọ sí Lazica létí Òkun Dúdú, ó sì kú lọ́dún kan náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní Constantinople lọ́dún 680 sí 681 ló dá a láre, láìdárúkọ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ìfẹ́ méjì ni, àwọn méjèèjì kò tako ara wọn, ti ènìyàn ń tẹ̀ lé ti Ọlọ́run. (Àlùfáà kan, Polychronius, ní òun yóò fi òkú jíǹde mú wọn gbà pé ìfẹ́ kan ni. Wọ́n gbé òkú kan jáde fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òkú ò mira.) Wọ́n dá Honorius náà lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ póòpù tó ti kú tipẹ́.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí ní ọ́fíìsì pé, bí Ọlọ́run bá ń darí ohun gbogbo, kí ni ìfẹ́ tiwọn já mọ́? Fílípì 2:13 ní òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú wa "láti fẹ́ àti láti ṣiṣẹ́". Ẹ rántí ọgbà náà. Kò sí ibi tí ìfẹ́ Ọlọ́run ti sún mọ́ ìfẹ́ ènìyàn tó bí ó ṣe sún mọ́ ọn nínú Jésù, síbẹ̀ ti ènìyàn kò parẹ́, kò fọ́.

Lọ́jọ́rú, a ó ka Mátíù 26:36 sí 46. Kí ẹ tó wá, ẹ ka iye ìgbà tó padà lọ gbàdúrà, kí ẹ sì wo ohun tó sọ ní ìgbẹ̀yìn kí wọ́n tó dé láti mú un. Ìwọ arákùnrin tó béèrè ìbéèrè, mo gbọ́ pé o tún ní òmíràn lórí Júdásì. Mú un wá. Mi ò ní sọ pé àdììtú ni lọ́tẹ̀ yìí.

Pásítọ̀ yín